Ìdílé Koizumi ti Matsue: Bí Àlọ́ Inú Ilé Ti Di Ohun Ìrántí Ilẹ̀ Jàpáànù

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé kì í ṣe ojú nìkan ni a fi ń mọ ohun tí ó ti kọjá. Etí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n àrọ́bá kò lè dá rìn. Ẹnìkan ni yóò sọ ọ́, ẹlòmíràn ni yóò gbọ́ ọ, bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá sì ti ṣe aláìsí, àrọ́bá náà parí nìyẹn. Nítorí èyí ni mo ṣe mú ìtàn ìdílé kan láti ilẹ̀ Jàpáànù wá síwájú ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi.

Ìdílé Koizumi ti ìlú Matsue ni. Ọkọ jẹ́ àlejò tí kò ní ilé, tí kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wọlẹ̀ sí, tí ojú rẹ̀ kan sì ti fọ́. Aya jẹ́ ọmọ jagunjagun tí òṣì ti wọ ilé wọn. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn já gaara títí ikú fi yà wọ́n. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n kó àlọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáànù jọ sínú ìwé, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn fi ń kà á títí di òní.

ỌMỌ TÍ A FI ORÚKỌ ERÉKÙṢÙ SỌ

Ní ọjọ́ 27 oṣù Júùnù, 1850, ni a bí Lafcadio Hearn ní erékùṣù Lefkada, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ṣe àkóso àwọn erékùṣù apá ibẹ̀ nígbà náà. Baba rẹ̀, Charles Bush Hearn, jẹ́ ọmọ Írẹ́lándì, oníṣègùn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ìyá rẹ̀, Rosa Kassimati, jẹ́ ọmọ erékùṣù Kythera ní Gíríìsì kan náà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ erékùṣù tí wọ́n bí i sí ni wọ́n yọ orúkọ Lafcadio jáde nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjì, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí Dublin, sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ. Rosa kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun lókè òkun. Ní 1854 ó padà sí Gíríìsì, ó fi ọmọ náà sílẹ̀, Lafcadio kò sì tún fojú kàn án mọ́ láéláé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, baba tú ìgbéyàwó náà ká, ó fẹ́ obìnrin mìíràn, ó sì kọjá lọ sí Íńdíà. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ wá sílé ní 1866, ó kú sójú ọ̀nà nítòsí Suez.

Opó kan tí à ń pè ní Sarah Brenane, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ìyá pẹ̀lú ìyá baba rẹ̀, ni ó tọ́ ọmọ náà dàgbà. Òkùnkùn a máa ba Lafcadio lẹ́rù gidigidi, ó sì gbàgbọ́ pé òun ń rí iwin lóru. Dípò kí wọ́n tù ú nínú, inú yàrá tí kò ní àtùpà ni wọ́n ń tì í mọ́ kí ẹ̀rù náà lè kúrò lára rẹ̀. Kò kúrò. Nígbà tí ó dàgbà, ọ̀rọ̀ iwin náà ni ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ní 1866 kan náà, nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé àwọn Kátólíìkì ní Ushaw nítòsí Durham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fara pa nínú eré, ojú òsì rẹ̀ sì fọ́. Láti ìgbà náà lọ, bí wọ́n bá ń ya àwòrán rẹ̀, a máa yí ẹ̀gbẹ́ ojú náà kúrò. Kò pẹ́ tí ọrọ̀ opó tí ń tọ́ ọ fi run. Ní 1869 wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 19 ni, kò sì sí ẹni tí ń retí rẹ̀ ní èbúté.

Nínú gbogbo ohun tí ó jẹ́ ti ìyá rẹ̀, ìrántí ojú rẹ̀ nìkan ni ó gbé dání: ojú obìnrin arẹwà kan tí ẹyinjú rẹ̀ tóbi, tí ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ lórí ibùsùn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ pé ohun rere yòówù tí ó bá wà lára òun, láti ọ̀dọ̀ ìyá àwọn ni ó ti wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ó dà bí ẹni pé gbogbo ìrìn àjò Hearn láyé jẹ́ ìrìn ẹni tí ń wá ibi tí wọn yóò ti pè é ní ọmọ ilé.

OGÚN ỌDÚN NÍ APÁ ÌWỌ̀-OÒRÙN

Ní ìlú Cincinnati, ebi pa Hearn, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ni ó ń sùn, títí atẹ̀wé kan, Henry Watkin, fi gbà á sọ́dọ̀. Lẹ́yìn èyí ó di akọ̀ròyìn. Ní 1874 ó gbé Alethea Foley níyàwó, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Kentucky. Ní àkókò náà, òfin ìpínlẹ̀ Ohio kò gbà kí òyìnbó fẹ́ ènìyàn dúdú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà hàn síta, wọ́n lé Hearn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbéyàwó náà kò pẹ́ kí ó tó tú, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá nínú rẹ̀. Alethea mọ ìtàn iwin pa dáadáa, Hearn sì kọ díẹ̀ nínú ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ní 1875. Kí ó tó mọ̀ pé òun yóò dé Jàpáànù, ó ti mọ̀ pé ẹnu àwọn obìnrin ilé ni ìtàn ń gbé.

Ní 1877 ó lọ sí New Orleans, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Ní ìlú yìí ó fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹrú aláwọ̀ dúdú tí ń sọ èdè Kírẹ́ólì, ó sì tẹ ìwé òwe wọn jáde ní 1885, èyí tí ó pè ní *Gombo Zhèbes*. Òwe láti inú oríṣìí èdè Kírẹ́ólì mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Láti 1887 sí 1889 ó gbé ní erékùṣù Martinique, ó sì kọ ìwé nípa àwọn ènìyàn ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ní New Orleans náà ni Jàpáànù ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Wọ́n ṣe àfihàn ọjà àgbáyé níbẹ̀ láti 1884 sí 1885, ìjọba Jàpáànù sì kó iṣẹ́ ọnà àti ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́ wọn wá. Hearn lọ wò wọ́n, ó kọ̀wé nípa wọn, ó sì di ojúlùmọ̀ Hattori Ichizo, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú ìjọba náà. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Yokohama ní ọjọ́ 4 oṣù Éépírì, 1890, Hattori yìí wà lára àwọn tí ó bá a wá iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Matsue.

ÌLÚ MATSUE ÀTI ỌMỌ JAGUNJAGUN

Matsue wà ní agbègbè Izumo, ní etí òkun apá ìwọ̀-oòrùn Jàpáànù. Ilẹ̀ òrìṣà ni wọ́n ka Izumo sí. Gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ wọn, ní oṣù kẹwàá nínú ọdún ìṣirò àtijọ́, gbogbo òrìṣà ilẹ̀ Jàpáànù a fi ojúbọ wọn sílẹ̀, wọn a sì wá ṣe ìpàdé ní Izumo. Hearn dé ìlú yìí ní òpin oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1890. Kò lò ju oṣù 15 lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù 15 náà ni ó yí ayé rẹ̀ padà.

Ní ìlú náà ni a bí Koizumi Setsu ní ọjọ́ 4 oṣù Fẹ́búárì, 1868. Ọdún náà gan-an ni ìjọba àtijọ́ ti àwọn jagunjagun wó, tí ìjọba tuntun ti Ọba Meiji bẹ̀rẹ̀. Ìdílé jagunjagun, tí wọ́n ń pè ní samurai, ni ìdílé Setsu. Àwọn irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í ṣòwò, wọn kì í ṣoko. Ìrẹsì tí olúwa wọn ń pín fún wọn lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí ìjọba tuntun gba ìpín náà kúrò lọ́wọ́ wọn, ẹni tí ó ti ń gbé idà kò mọ ohun tí yóò gbé mọ́. Wọ́n ti fi Setsu tọrẹ fún ìdílé Inagaki, ìbátan wọn tí kò bímọ, láti ìgbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́. Ní ọmọ ọdún 11, ó jókòó sídìí òfì, ó ń hun aṣọ tà kí àwọn àgbà ilé lè rí jẹ. Nígbà tí ó tó ilé ọkọ, wọ́n mú ọkọ wọlé fún un, ṣùgbọ́n òṣì ilé náà lé ọkùnrin náà sá lọ.

Láti kékeré ni Setsu ti fẹ́ràn ìtàn. Bí àgbàlagbà kan bá ti ní àyè díẹ̀, òun ni yóò rọ̀ mọ́ ọn pé kí ó pa á fún òun. Ọrọ̀ kan ṣoṣo tí òṣì kò rí kó nínú ilé wọn nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1891, Setsu wá sí ilé Hearn láti máa bá a tọ́jú ilé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ọkọ àti aya. Kì í ṣe obìnrin kan ṣoṣo ni Hearn gbé níyàwó o, agbo ilé ni. Nígbà tí ó gba iṣẹ́ sí ìlú Kumamoto ní òpin ọdún náà, àwọn òbí tí ó tọ́ Setsu bá wọn lọ, owó oṣù olùkọ́ náà ni gbogbo ilé fi ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó àti ní Lọ́ndọ̀nù mọ bí èyí ti í rí. Hearn kò ráhùn. Ọmọ tí wọ́n ti já sílẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rin ni, inú rẹ̀ sì dùn pé àwọn àgbà wà nínú ilé tí ń bi í pé ṣé ó ti jẹun.

Ohun tí ó wú u lórí jù nínú ilé náà ni pẹpẹ àwọn òkú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Jàpáànù, pẹpẹ kékeré kan a máa wà níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn baba ńlá sí. Wọn a máa gbé oúnjẹ àti omi síwájú rẹ̀, wọn a sì máa bá àwọn òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá alààyè sọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Bon, wọn a tan iná láti fi pe àwọn òkú wálé, wọn a ṣe wọ́n lálejò fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn a sì tan iná láti fi sìn wọ́n padà. Ẹni tí ó bá mọ ọdún Egúngún ní ilẹ̀ wa kò ní ṣe ìyàlẹ́nu. Hearn, tí ẹ̀mí òkú ti ń dẹ́rù bà láti kékeré, wá rí ilẹ̀ kan tí òkú ti jẹ́ ará ilé, tí a ń kí i, tí a ń fún un lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kún inú ìwé tí ó kọ nípa Matsue, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1894.

BÍ WỌ́N TI Ń PA ÌTÀN

Kì í ṣe ohun kékeré ni kí ọkọ àti aya má gbọ́ èdè ara wọn. Setsu fi ìwé kékeré kan kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ ọ, ó fi lẹ́tà Jàpáànù kọ ọ́. Ìwé náà wà títí di òní. Hearn pẹ̀lú gbìyànjú láti kọ́ èdè aya rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n kà dé ibi tí ó lè fi ka ìwé àtijọ́. Nítorí náà wọ́n dá èdè tiwọn sílẹ̀: ọ̀rọ̀ Jàpáànù ni, ṣùgbọ́n wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gé ìrù rẹ̀ kúrò. Ará ìta kì í gbọ́ ọ. Àwọn ará ilé pè é ní èdè Ọ̀gbẹ́ni Hearn. Èdè yìí ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, èdè yìí ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo ìwé.

Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn àkọ́kọ́ tí Setsu pa fún un ni ti aṣọ ìbora Tottori. A gbọ́ pé ẹnu ọkọ tí ó sá fi í sílẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan ṣí ilé èrò ní Tottori. Kò lówó, nítorí náà ọjà àlòkù ni ó ti ra púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀. Àlejò àkọ́kọ́ tí ó sùn níbẹ̀ gbọ́ ohùn ọmọdé méjì lóru, tí ọ̀kan ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá òtútù ń mú un, tí èkejì sì ń dáhùn pé bóyá àbúrò ni òtútù ń mú. Onílé èrò wá rí i pé inú aṣọ ìbora kan ni ohùn náà ti ń jáde. Ó tọpasẹ̀ aṣọ náà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á, títí ó fi gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin méjì kan ni baba àti ìyá wọn kú. Wọ́n ta ohun gbogbo tí ó wà nínú ilé kí wọ́n lè jẹun, ó ku aṣọ ìbora kan ṣoṣo. Onílé tí wọ́n jẹ lówó gba aṣọ náà, ó sì lé wọn síta sínú yìnyín. Wọ́n dì mọ́ ara wọn lẹ́yìn ilé náà, wọ́n sì kú síbẹ̀. Nígbà tí onílé èrò gbé aṣọ náà lọ sí tẹ́ńpìlì, tí wọ́n gbàdúrà fún àwọn ọmọ náà, ohùn náà dákẹ́.

Ẹ wo ẹni tí ń pa á, ẹ sì wo ẹni tí ń gbọ́ ọ. Setsu mọ bí ilé ti í rí nígbà tí wọ́n bá ń ta ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hearn mọ bí ọmọdé tí kò ní baba àti ìyá ti ń rí lóru. Ìtàn tí ẹlòmíràn ìbá gbọ́ kí ó sì gbàgbé, inú àwọn méjèèjì ni ó bọ́ sí, ó sì rí ibi jókòó.

Setsu fúnra rẹ̀ ròyìn lẹ́yìn náà bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Òun ni ó ń lọ sí àwọn ìsọ̀ tí ń ta ògbólógbòó ìwé, tí ó ń wá ìtàn àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá lẹ́, tí wọ́n dín iná àtùpà kù, Hearn kì í jẹ́ kí ó fi ìwé lé ọwọ́ kà á. Ó fẹ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, bí ó ti yé e, bí ó ti dùn ún. Setsu ní láti ka ìtàn kan títí yóò fi di tirẹ̀, nígbà mìíràn yóò tilẹ̀ lá a lójú àlá. Bí ó bá dé ibi tí ó bani lẹ́rù, Hearn yóò dá a dúró, yóò bi í pé irú ohùn wo ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ yìí, báwo ni bàtà ṣe dún, báwo ni òru náà ti rí.

Ìtàn Hoichi ni ó jẹ wọ́n lógún jù. Hoichi jẹ́ afọ́jú tí ń ta ohun orin olókùn tí à ń pè ní biwa, tí ó sì ń fi í kọrin ogun tí ó pa ìdílé Heike run lójú òkun. Àwọn òkú Heike ń wá mú un lóru kí ó máa kọrin fún wọn ní itẹ́ òkú. Àwọn àlùfáà kọ ọ̀rọ̀ mímọ́ sí gbogbo ara rẹ̀ kí òkú má lè rí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé etí rẹ̀, òkú náà sì fa etí méjèèjì ya lọ. Nígbà tí Hearn ń kọ ìtàn yìí, ilẹ̀ a ṣú kò ní tan iná. Setsu yóò dúró ní yàrá kejì, yóò fi ohùn wẹ́lẹ́ pe orúkọ Hoichi, Hearn yóò sì dáhùn láti inú òkùnkùn pé afọ́jú ni òun, ta ni ń pe òun? Ìtàn yìí ni ó ṣíwájú nínú ìwé *Kwaidan*, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1904, èyí tí ó lókìkí jù nínú gbogbo ìwé rẹ̀.

ORÚKỌ KOIZUMI

Wọ́n bí Kazuo, àkọ́bí wọn, ní oṣù Nọ̀fẹ́ńbà, 1893. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ogún ti gba ọkàn Hearn. Bí ó bá jẹ́ kí ìgbéyàwó náà di ti òfin Gẹ̀ẹ́sì, Setsu yóò di ará Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì pàdánù ẹ̀tọ́ tí ó ní nílẹ̀ baba rẹ̀. Bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí ikú bá dé, àwọn ìbátan tí ó wà lókè òkun, tí wọn kò bi í rí bóyá ó jẹun, lè wá gba ohun tí ó fi sílẹ̀ mọ́ aya àti ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀nà kan ni ó kù: kí òun fúnra rẹ̀ di ọmọ ìdílé aya rẹ̀.

Ní oṣù Fẹ́búárì, 1896, ìjọba fọwọ́ sí i pé ó ti di ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìdílé Koizumi, ó sì ń jẹ́ Koizumi Yakumo. Koizumi túmọ̀ sí orísun omi kékeré. Yakumo túmọ̀ sí ìkúùkù mẹ́jọ, láti inú orin àtijọ́ kan tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ Izumo. Bí a ti fi orúkọ ilẹ̀ kan sọ ọ́ nígbà ìbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó fi orúkọ ilẹ̀ sọ ara rẹ̀ nígbà tí ó di ọmọ ọdún 45. Ṣùgbọ́n ní ìgbà kejì yìí, ilẹ̀ náà kò já a sílẹ̀.

Ní ọdún kan náà ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ọba ní Tokyo, ó sì kọ́ni níbẹ̀ títí di 1903. Lára àwọn tí ó gba ipò rẹ̀ ni Natsume Soseki, ẹni tí ó di ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ńlá ilẹ̀ náà. Nílé, Hearn fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ Kazuo ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìròyìn àlòkù ni ó fi ṣe tákàdá: a máa fi gègé onírun kọ lẹ́tà ńláńlá sí i lórí, ọmọ a sì máa kà á tẹ̀ lé e.

Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1904, nípa àìsàn ọkàn, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 54. Ó ti sọ fún Setsu ṣáájú pé bí òun bá kú, kí ó má sunkún. Kí ó ra ìkòkò kékeré tí kò wọ́n, kí ó kó egungun òun sínú rẹ̀, kí ó sì bá àwọn ọmọ ṣeré. Itẹ́ òkú Zoshigaya ní Tokyo ni wọ́n sin ín sí.

ÀWỌN TÍ Ó GBA ÌTÀN LỌ́WỌ́ WỌN

Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí síbí, ìwé nìkan ni ì bá kù. Ṣùgbọ́n ìdílé náà kò jẹ́ kí ó parí. Ní 1914 ni ìrántí Setsu nípa ọkọ rẹ̀ jáde nínú ìwé, ibẹ̀ sì ni a ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo ti sọ lókè yìí. Bí kò bá sọ ọ́, aráyé ìbá rò pé òyìnbó kan ṣoṣo ni ó dá ṣe gbogbo rẹ̀. Setsu kú ní 1932. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Matsue fún ìrántí Hearn, lẹ́bàá ilé jagunjagun tí òun àti aya rẹ̀ gbé ní 1891, ilé náà sì wà níbẹ̀ sí i. Ní 1935 Kazuo tẹ ìwé jáde nípa baba rẹ̀. Ní 1964 Kobayashi Masaki fi mẹ́rin nínú àwọn ìtàn náà ṣe sinimá tí ó gba ẹ̀bùn ní Cannes ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan wà, Bonner Fellers, tí ó ti ń ka ìwé Hearn láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ó sì di ọ̀rẹ́ ìdílé náà ṣáájú ogun. Ní 1945, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ́gun Jàpáànù, ó bá Ọ̀gágun MacArthur wọ Tokyo, ó sì wá àwọn Koizumi rí nínú àwókù ìlú náà. Nígbà tí Toki, ọmọ Kazuo, bí ọmọkùnrin ní 1961, Bon ni ó sọ ọ́, ní ìrántí Bonner. Bon yìí ni ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa àṣà ìbílẹ̀ àti olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Matsue. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 2025, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NHK bẹ̀rẹ̀ eré kan tí wọ́n ń ṣe láràárọ̀, *Bakebake*, tí wọ́n gbé karí ìgbésí ayé Setsu. Ó lé ní 90 ọdún tí Setsu ti kú kí wọ́n tó gbé òun náà jókòó sí iwájú ìtàn.

A kò ní ṣàì sọ pé àwọn kan rí àléébù lára iṣẹ́ Hearn. Wọ́n ní Jàpáànù àtijọ́ nìkan ni ó fẹ́ràn, pé kò fẹ́ rí ọkọ̀ ojú irin àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti pé ó ya àwòrán ilẹ̀ náà dára ju bí ó ti rí lọ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí àwọn ọ̀mọ̀wé Jàpáànù fúnra wọn ń sáré tẹ̀ lé ọgbọ́n òyìnbó, tí wọ́n ka àlọ́ ìyá àgbà sí ọ̀rọ̀ ará oko, òun ni ó jókòó tì í. Nígbà tí ojú wọn wálẹ̀, wọ́n bá a nínú ìwé rẹ̀, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ padà sí èdè wọn.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ohun tí mo fẹ́ kí a rí dì mú nínú ìtàn yìí kò ju ọ̀kan lọ. Hearn mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò ní ìtàn. Setsu ní ìtàn, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tí yóò kọ ọ́. Ìgbà tí àwọn méjèèjì jókòó sídìí àtùpà kan náà ni ìtàn náà tó rí ọ̀nà là.

Ilẹ̀ tiwa náà ti rí irú rẹ̀. Ní àkókò kan náà tí Hearn ń kọ̀wé, Àlùfáà Samuel Johnson ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé Ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé tí ó fọwọ́ kọ náà sọnù. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó tún un kọ, tí a fi rí i tẹ̀ jáde ní 1921. Bí kò bá sí ọmọ ìyá, ìwé náà ìbá ti ṣègbé.

Nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ìlú wa, ìyá àgbà kan wà tí ó mọ oríkì tí ẹlòmíràn kò mọ̀ mọ́, tí ó mọ ìdí tí a fi ń pe odò kan ní orúkọ tí a ń pè é, tí ó sì mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá oko sí ibi tí ọjà wà lónìí. Ọmọ rẹ̀ tí ó mọ̀wé wà ní Ìbàdàn, ní Lọ́ndọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sí i, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá wálé fún ọdún, ẹ jẹ́ kí ó jókòó tì í ní alẹ́ kan. Kí ó má ṣe mú ìwé lọ́wọ́ láti fi tọ́ ìyá sọ́nà, kí ó jẹ́ kí ìyá sọ ọ́ bí ó ti yé e. Kí ó bi í bí ohùn ẹni náà ti dún àti bí òru náà ti rí. Kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó kọ orúkọ ìyá náà sí i pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lè mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ó yẹ kí ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè wa kọ̀ọ̀kan fi èyí kún iṣẹ́ ọdún tí ń bọ̀. Kíkọ́ ilé-ìwé àti fífa omi ẹ̀rọ wọ ìlú ń gba owó púpọ̀. Iṣẹ́ yìí kò gba ju ìwé àti gègé lọ, àti ọmọ tí ó ní sùúrù láti gbọ́. Àwọn àgbà wa ń lọ lọ́dọọdún. Èyí tí wọ́n bá kó lọ, owó kò lè rà á padà.